Ààlà tí Ẹnikẹ́ni Kò Mọ̀ pé Ó Wà: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Àléébù Sequoia nínú Kernel Linux

Ní ọjọ́ 20, oṣù Keje, ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Qualys, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ààbò kọ̀ǹpútà, kéde pé àwọn olùwádìí òun ti rí àléébù kan nínú kernel Linux (kernel ni ọkàn ètò Linux, tó ń darí gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà), ní apá tó ń bójú tó fáìlì. Nọ́ńbà tí wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni CVE-2021-33909, orúkọ tí wọ́n sì ń pè é ni Sequoia. Òǹlò lásán tó bá ti rí àyè wọlé sórí kọ̀ǹpútà kan, tí kò ní àṣẹ kankan lórí rẹ̀ ju ti fáìlì tirẹ̀ lọ, lè ti ipa àléébù yìí di root, ìyẹn ọ̀gá pátápátá tó lè ka ohun gbogbo, tó lè yí ohun gbogbo padà. Qualys dán an wò lórí oríṣi Linux mélòó kan, ìyẹn lórí Ubuntu 20.04, 20.10 àti 21.04, lórí Debian 11, àti lórí Fedora 34 Workstation, láìyí ohunkóhun padà nínú bí wọ́n ṣe máa ń rí lẹ́yìn tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn sórí ẹ̀rọ, ó sì ṣiṣẹ́ lórí gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ kan náà ni àtúnṣe jáde, nítorí náà ẹnìkan lè bi mí pé kí ni mo tún ń wá nínú ọ̀rọ̀ tó ti tán. Èsì mi ni pé ọ̀nà tí àléébù yìí gbà wọlé ló yẹ ká gbé yẹ̀ wò, ju àléébù náà fúnra rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ọ̀tá ló fi síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò mọṣẹ́. Àtúnṣe kan tí wọ́n ṣe tọkàntọkàn ní ọdún 2014, láti yanjú ìṣòro tí àwọn ènìyàn ń rí lójoojúmọ́, ló ṣí ilẹ̀kùn fún un, nítorí pé ó mú ààlà kan kúrò tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà, débi tí wọ́n ó fi mọ̀ pé òun ló ń dáàbò bo kóòdù mìíràn.

Kí n kọ́kọ́ dáhùn àtakò kan tí mo máa ń gbọ́. Àwọn kan a máa sọ pé bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ti wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ nìkan ló lè lo irú àléébù yìí, kò tó ohun tí à ń dààmú sí. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí sáfà tó ń gbé ìkànnì púpọ̀ pọ̀, òǹlò lásán lè jẹ́ oníbàárà kan láàárín ọgọ́rùn-ún. Ó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan lórí kọ̀ǹpútà yunifásítì. Ó sì lè má jẹ́ ènìyàn rárá, kí ó jẹ́ ètò kan tó ń dá àwọn àlejò ìkànnì lóhùn, èyí tí ọ̀daràn ti rí ihò kékeré kan wọ̀ lára rẹ̀. Ìdí gan-an tí Linux fi ya òǹlò lásán sọ́tọ̀ kúrò lára root ni pé bí apá kan bá bàjẹ́, kí ìbàjẹ́ náà má baà ran ìyókù. Àléébù tó bá wó ògiri yẹn ti sọ ìjàǹbá kékeré di ńlá.

Ó yẹ kí a mọ ibi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Lórí Linux, fódà kan wà tí ń jẹ́ /proc. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí fáìlì rẹpẹtẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wà lórí dísìkì. Ìgbà tí ẹnìkan bá bèèrè láti kà wọ́n ni kernel máa ń kọ ohun tó wà nínú wọn, lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá ka /proc/cpuinfo, kernel á ṣe àpèjúwe ẹ̀rọ ìṣirò tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín; bí ẹ bá ka /proc/self/mountinfo, á to àwọn ibi ìpamọ́ tí wọ́n ti so mọ́ ètò fáìlì lẹ́sẹẹsẹ, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ipa ọ̀nà fódà tí a ti so ó. Ohun èlò tí kernel fi ń kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni seq_file, inú fódà fs ni kóòdù rẹ̀ sì wà, láàárín àwọn kóòdù ètò fáìlì.

Bí seq_file ṣe ń ṣiṣẹ́ kò nira. Á gba àyè díẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì, tí a ń pè ní bọ́fà, á sì sọ fún apá kernel tí ọ̀rọ̀ kàn pé kí ó kọ ìlà kan sínú rẹ̀. Bí ìlà náà kò bá gba inú bọ́fà náà tán, seq_file á da bọ́fà náà nù, á gba òmíràn tó jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀, á sì ní kí wọ́n tún ìlà náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, báìtì 4096 ni bọ́fà àkọ́kọ́ máa ń jẹ́. Bí kò bá tó, 8192. Bí ìyẹn náà kò bá tó, 16384. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni yóò máa di ìlọ́po títí ìlà náà yóò fi gbà. Kò sí ibì kankan nínú kóòdù ìgbà yẹn tí wọ́n ti kọ ọ́ pé bí ó bá dé iye báyìí, kí ó dúró.

Ibi tí ìwọ̀n bọ́fà yìí ń gbà kọjá ni wàhálà wà. Inú seq_file, irú nọ́ńbà tí èdè C ń pè ní size_t ni wọ́n fi ń tọ́jú ìwọ̀n náà: lórí kọ̀ǹpútà oní-64-bíìtì, ó lè gba iye tó tóbi gidigidi, kò sì ní òdì láé. Ṣùgbọ́n nígbà tí seq_file bá fẹ́ kọ ipa ọ̀nà fódà, iṣẹ́ náà á dé ọ̀dọ̀ dentry_path, apá kernel tó ń kọ ipa ọ̀nà fódà, tí òun sì ń gba ìwọ̀n kan náà gẹ́gẹ́ bí int. Bíìtì 32 péré ni int, ó lè jẹ́ òdì, iye tó tóbi jùlọ tó lè gbé sì ni 2147483647. Ó dà bí ìgbà tí akọ̀wé kan ń kọ iye owó sínú ìwé ńlá, tí akọ̀wé kejì tó ń dà á kọ sì ní ìwé tí àyè rẹ̀ kò tó fún gbogbo nọ́ńbà náà, tí kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kí ó ké gbàjarè bí àyè bá tán. Èdè C gba irú ìgbékọjá yìí láyè láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ apá kìíní kò ṣẹ̀. Ẹni tó kọ apá kejì, tó wò ó pé ipa ọ̀nà fódà wo ni yóò gùn tó gígábáìtì méjì, kò ṣe ohun àjèjì. Àárín àwọn méjèèjì ni ihò náà wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà. Bí a bá sọ 4096 di ìlọ́po méjì nígbà 18, a ó dé 1073741824, èyí tí í ṣe gígábáìtì kan, int sì lè gbé e láìsí wàhálà. Bí a bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, a dé 2147483648. Ẹyọ kan péré ni ó fi ju òpin agbára int lọ, ẹyọ kan yẹn ló sì ń yí àmì rẹ̀ padà, tí gígábáìtì méjì fi ń di òdì 2147483648 lójú dentry_path.

Báwo ni ènìyàn ṣe wá lè mú kí ìlà kan nínú mountinfo gùn ju gígábáìtì kan lọ, kí bọ́fà náà lè di méjì? Ọ̀nà tí Qualys gbà ni pé wọ́n ṣẹ̀dá fódà nínú fódà, bíi mílíọ̀nù kan tó wọnú ara wọn, débi pé bí kernel bá fẹ́ kọ ipa ọ̀nà èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ọ̀rọ̀ náà á ju gígábáìtì kan. Wọ́n so fódà ìsàlẹ̀ yẹn mọ́ ibòmíràn, wọ́n wá pa á rẹ́, wọ́n sì ka /proc/self/mountinfo. Òǹlò lásán kì í ní àṣẹ láti so ibi ìpamọ́ mọ́ ètò fáìlì, ṣùgbọ́n Linux òde òní gbà á láyè láti dá agbègbè tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní user namespace, tó ti lè ṣe bí ọ̀gá láàárín ara rẹ̀. Ìwádìí náà gba nǹkan bíi gígábáìtì márùn-ún mẹ́mọ́rì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló wú mi lórí jùlọ nínú gbogbo ìtàn yìí, nítorí pé kì í ṣe pé kò sí ẹ̀ṣọ́ lójú ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ méjì wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì wo nọ́ńbà náà dáadáa. Kí kernel tó kọ ipa ọ̀nà fódà, ó máa ń kọ́kọ́ kọ àwọn nọ́ńbà kéékèèké kan sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, iṣẹ́ yẹn sì ń gba ọwọ́ vsnprintf, apá kernel tó ń to ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà sínú bọ́fà, kọjá. Òun rí i pé ìwọ̀n bọ́fà náà ju ohun tí int lè gbé lọ, ó kọ ìkìlọ̀ sínú àkọsílẹ̀ kernel, ó kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ó sì dá 0 padà. Ó ṣe ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán an níṣẹ́ ka 0 yẹn sí pé kò sí ohun tí wọ́n kọ, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ pẹ̀lú bọ́fà tó ṣì ṣófo, tí ìwọ̀n rẹ̀ ṣì jẹ́ gígábáìtì méjì gééré. Ká ní àwọn nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ ìlà wọ̀nyẹn wọlé ni, àyè tó kù ì bá kéré sí gígábáìtì méjì, int ì bá gbé e, kì bá sì sí àléébù kankan. Kíkọ̀ tí ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ kọ̀ ni ó jẹ́ kí ìṣirò ọ̀tá pé.

Ẹ̀ṣọ́ kejì wà nínú iṣẹ́ dentry_path fúnra rẹ̀. Nítorí pé wọ́n ti pa fódà náà rẹ́, kernel ní láti fi ọ̀rọ̀ náà “//deleted” sí ẹ̀yìn ipa ọ̀nà rẹ̀, báìtì 10 sì ni pẹ̀lú òdo tó ń parí rẹ̀. Láti ẹ̀yìn bọ́fà ni ó ti ń kọ ọ́ bọ̀ wá síwájú, kí ó sì tó kọ ọ́, á yọ 10 kúrò nínú àyè tó kù, á wá wò ó bóyá èsì rẹ̀ ti di òdì. Bí ó bá ti di òdì, á kọ̀. Ṣùgbọ́n òdì 2147483648 ni nọ́ńbà tó kéré jùlọ tí int lè gbé. Bí a bá tún yọ 10 kúrò nínú rẹ̀, kò sí ìsàlẹ̀ mọ́ tí yóò lọ, ó sì máa yí po, á di 2147483638, tí kì í ṣe òdì rárá. Ẹ̀ṣọ́ náà wò ó, ó rí nọ́ńbà tó sunwọ̀n, ó sì yà kúrò lọ́nà. Báyìí ni kernel ṣe kọ báìtì 10 sí ibi tó fi gígábáìtì méjì àti báìtì 10 jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀ bọ́fà náà, ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, sórí ohun ẹlòmíràn nínú mẹ́mọ́rì.

Ẹ lè rò pé báìtì 10 tí ọ̀tá kò lè yan ohun tó wà nínú rẹ̀ kò lè ṣe nǹkan gidi. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n àwọn olùwádìí náà ti hàn. Kernel Linux ní ohun kan tí ń jẹ́ eBPF, tó ń jẹ́ kí òǹlò fi ètò kékeré ránṣẹ́ láti ṣiṣẹ́ nínú kernel, lẹ́yìn tí ayẹ̀wò kan bá ti yẹ ètò náà wò fínnífínní pé kò ní ṣe ìjàǹbá. Lẹ́yìn ayẹ̀wò yìí ni kernel tó máa ń sọ ètò náà di èdè ẹ̀rọ. Qualys fi ọgbọ́n dá kernel dúró láàárín ìgbésẹ̀ méjèèjì, nípa lílo userfaultfd tàbí FUSE, tí wọ́n jẹ́ irinṣẹ́ inú Linux, wọ́n sì ti to mẹ́mọ́rì sílẹ̀ débi pé orí ètò tó ti yege ayẹ̀wò ni “//deleted” yóò bọ́ sí. Nígbà tí kernel tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ètò tó ń tẹ̀ lé kì í ṣe èyí tí ayẹ̀wò fọwọ́ sí mọ́. Láti ibẹ̀, wọ́n rí ọ̀nà láti ka mẹ́mọ́rì kernel àti láti kọ ohun tó wù wọ́n sínú rẹ̀, ẹni tó bá sì ti dé ibẹ̀ ti di root.

Ó wá kan ọdún 2014. Ṣáájú ìgbà náà, kmalloc, ọ̀kan lára ohun èlò tí kernel fi ń pín mẹ́mọ́rì, ni seq_file fi ń gba bọ́fà rẹ̀. Àyè tí kmalloc ń fúnni gbọ́dọ̀ wà nítòsí ara wọn gẹ́lẹ́ nínú mẹ́mọ́rì gidi, èyí kì í sì í jẹ́ kí ó lè fúnni ní àyè tó tóbi púpọ̀. Ọ̀rọ̀ gígábáìtì kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Bí òǹlò kan bá gbìyànjú láti fẹ bọ́fà náà ju bẹ́ẹ̀ lọ, kmalloc á kọ̀, kíkà náà á kùnà, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Àìlágbára kmalloc yìí ni ààlà tí mò ń sọ. Kò sẹ́ni tó gbé e kalẹ̀ fún ààbò. Kò sí ìlà kankan nínú kóòdù tó dárúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ń fìyà jẹ àwọn ènìyàn gidi. Lórí àwọn ẹ̀rọ kan tí mẹ́mọ́rì wọn ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ nítorí iṣẹ́ púpọ̀, kernel kò rí àyè tó wà nítòsí ara wọn mọ́, fáìlì bíi /proc/stat kò sì ṣeé kà. Nínú kernel 3.16 ti ọdún 2014, wọ́n tún èyí ṣe: bí kmalloc bá kọ̀, kí seq_file lọ bá vmalloc, tó lè kó àyè jọ láti ibi tó fọ́n ká, kí ó sì mú wọn dà bí ẹyọ kan. Ìṣòro /proc/stat tán. Àtúnṣe náà mọ́, ó kúrú, ó sì dára. Bí wọ́n bá gbé e síwájú mi láti yẹ̀ wò, mi ò rò pé mo máa rí ohun tí mo lè kọ̀ sí nínú rẹ̀. Ọ̀ràn irú èyí kò hàn nínú ìlà tí wọ́n yí padà. Inú fáìlì mìíràn ló wà, nínú kóòdù tí àtúnṣe náà kò fọwọ́ kàn. Ọdún méje ni ó sì fi wà bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ọ̀nà tí Red Hat, ilé-iṣẹ́ tó ń pín Linux, gbà kọ àtúnṣe ọdún 2021. Wọ́n lè lọ máa wá gbogbo ibi tí size_t ti ń di int káàkiri kernel, iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n lọ sí ẹnu ọ̀nà ibi tí seq_file ti ń gba bọ́fà, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ìwọ̀n tí wọ́n bèèrè bá ju MAX_RW_COUNT lọ, kí wọ́n má fún un. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo ojú ewé báìtì 4096, iye MAX_RW_COUNT ni 2147479552, èyí tó fi díẹ̀ kéré sí òpin agbára int. Gígábáìtì kan ṣì lè kọjá. Gígábáìtì méjì kò lè kọjá mọ́. Ààlà tí kmalloc ń ṣe láìmọ̀ títí di ọdún 2014 ti padà wá, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba, ẹni tó bá fẹ́ mú un kúrò lọ́la yóò ní láti fi ojú ara rẹ̀ kà á kí ó tó pa á rẹ́.

Fún ẹni tí kò lè fi àtúnṣe náà sórí ẹ̀rọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, Qualys dárúkọ ìdènà méjì: kí a fi 0 sí kernel.unprivileged_userns_clone, kí òǹlò lásán má lè dá agbègbè tirẹ̀ sílẹ̀, kí a sì fi 1 sí kernel.unprivileged_bpf_disabled, kí ó má lè fi ètò eBPF ránṣẹ́. Wọ́n sọ ọ́ kedere pé ọ̀nà tí àwọn gbà wọlé nìkan ni ìdènà wọ̀nyí dí, ẹlòmíràn lè rí ọ̀nà mìíràn. Àríyànjiyàn tó wà lórí user namespace kò sì tíì tán títí di òní. Ó wúlò púpọ̀, òun ni ọ̀pọ̀ aṣàwákiri íntánẹ́ẹ̀tì fi ń ya ojú ewé tí a ṣí sọ́tọ̀ kúrò lára ìyókù kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ ó gbé àwọn kóòdù tí root nìkan ń fọwọ́ kàn tẹ́lẹ̀ wá síwájú gbogbo òǹlò. Ubuntu ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù láti ẹ̀dà 23.10, wọ́n ń lo AppArmor, ohun èlò ààbò kan lórí Linux, láti yan ètò tí wọ́n lè gbà láyè. Lójú tèmi, ìyẹn ló bójú mu ju kí a tì í pa pátápátá.

Àléébù kejì tí wọ́n kéde lọ́jọ́ kan náà, CVE-2021-33910, kò nílò àlàyé púpọ̀. Inú systemd ni òun wà, ìyẹn ètò tó ń dá àwọn ètò yòókù sílẹ̀ tó sì ń bójú tó wọn lórí ọ̀pọ̀ Linux. Systemd náà máa ń ka mountinfo, ó sì ń da ipa ọ̀nà tó rí níbẹ̀ kọ sórí àyè kan tí kò ju mẹ́gábáìtì mẹ́jọ lọ, láìkọ́kọ́ wo bí ó ṣe gùn tó. Ipa ọ̀nà tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ á pa systemd, gbogbo kọ̀ǹpútà á sì dá kú pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbà tí Qualys ń dán Sequoia wò ni wọ́n ṣèèṣì bá a pàdé.

Qualys kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà tó Red Hat létí ní ọjọ́ 9, oṣù Kẹfà. Ní ọjọ́ 6, oṣù Keje, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pín Linux lórísirísi, kí wọ́n lè pèsè àtúnṣe sílẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, kò sì tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí gbogbo ayé fi gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó fẹ́ dáàbò bo ẹ̀rọ àti ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ ní ìmọ̀ kan náà lọ́wọ́, ọwọ́ olówó ẹ̀rọ ni ìyókù sì wà. Ẹ má ṣe gbàgbé pé gbígba kernel tuntun wọlé kò tó: kernel àtijọ́ ló ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́mọ́rì títí ẹ ó fi pa ẹ̀rọ náà, tí ẹ ó sì tún un tàn. Àwọn tó ń fi í yangàn pé sáfà àwọn kò tíì kú láti ọdún mélòó kan ń kéde fún wa pé kernel ọdún mélòó kan ni àwọn ń lò.

Ẹ má sì fi nọ́ńbà kernel nìkan ṣe ìdájọ́. Lóòótọ́, inú kernel 5.13.4 ni àtúnṣe náà kọ́kọ́ jáde fún ẹ̀ka 5.13, ṣùgbọ́n Debian, Ubuntu, Red Hat àti àwọn ẹgbẹ́ wọn máa ń gbé àtúnṣe padà sínú kernel àtijọ́ tí wọ́n ń tọ́jú, kí nọ́ńbà rẹ̀ sì má fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ohun tí ó dájú ni kí ẹ tẹ uname -v, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ́ kernel tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ó bá ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún 2021, kò lè ní àtúnṣe yìí. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ wá CVE-2021-33909 nínú ìkéde ààbò àwọn tó pín Linux tí ẹ ń lò, kí ẹ sì fi ẹ̀dà tí wọ́n dárúkọ síbẹ̀ wé èyí tó wà lórí ẹ̀rọ yín.